Láti Orí Kàátì Dé Ife Mẹ́rin

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo kàátì dáadáa, ká tó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń wà á. Irin roboto tí wọ́n jó pọ̀ ni. Táyà kéékèèké mẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní bẹ́líìtì. Kò ní sípíríǹgì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ṣọ́ọ̀kì. Gbogbo gbágungbàgun tó bá wà lójú ọ̀nà, egungun ìhà ọmọ tó jókòó sínú rẹ̀ ló ń gbà á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ń de ohun líle kan mọ́ àyà àti ìhà kí wọ́n tó wọlé.

Táyà ẹ̀yìn méjèèjì wà lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èyí kò lè yára ju èkejì lọ. Àwọn ọkọ̀ tí à ń gbé lọ sí ọjà kì í rí bẹ́ẹ̀. Tiwọn ní ohun kan láàárín tó ń jẹ́ kí táyà tòde sáré ju ti inú lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Kàátì kò ní in. Nítorí náà, bí ọmọ bá fẹ́ wọ kọ́nà, ó gbọ́dọ̀ yí sítíárìn, kí ó sì fi ìwọ̀n ara rẹ̀ sí i, títí táyà ẹ̀yìn tó wà níhà inú yóò fi gbéra díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Bí kò bá gbéra, kàátì náà á máa wọ́ lọ tààrà, iyára á sì tán nínú rẹ̀. Bí ó bá sì gbéra jù, ìdí ọkọ̀ á sá lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ń kọ́ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, kò sì sí olùkọ́ tó lè fi ẹnu sọ ọ́ fún un kó yé e. Àtẹ́lẹwọ́, ìbàdí àti ọrùn ló fi ń gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1956, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Art Ingels mú ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, ó dì í mọ́ irin, ó sì gùn ún. Òun ni wọ́n kà sí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe kàátì. Láti ìgbà náà, bóyá la fi rí awakọ̀ eré-ìje ńlá kan tí kò ti orí nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀. Ayrton Senna ti orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lewis Hamilton náà ń wà á nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, bàbá rẹ̀ sì ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn kí owó kàátì lè pé. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, lóòótọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí ni ohun tí àwọn ènìyàn máa ń rò lẹ́yìn kàátì. Bí a bá dárúkọ eré ọkọ̀ láàárín wa, Formula One nìkan ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, bí ẹni pé ọmọ tí kò bá dé ibẹ̀ ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣòfò. Títí dé òpin ọdún 2025, ìjókòó ogún péré ló wà nínú ìdíje yẹn ní gbogbo àgbáyé. Owó tí òbí ń ná kí ọmọ tó sún mọ́ ọ̀kan nínú ogún náà sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, nítorí gbogbo àkàsọ̀ tí ọmọ bá gùn ló ń béèrè ju ti ìṣáájú lọ. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ní Ìlú Ọba, ọ̀nà mìíràn wà tó lórúkọ, tó ń fi oúnjẹ sẹ́nu ènìyàn, tí àwọn ènìyàn sì ń ti gbogbo ìlú wá wò: British Touring Car Championship, tí wọ́n ń pè ní BTCC. Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀nà yìí ni Ashley Sutton.

Ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ọdún 1994 ni wọ́n bí i. Ọmọ Bishop's Stortford ni, ìlú kan ní ẹkùn Hertfordshire. Ẹni tó bá ti gba pápákọ̀ òfurufú Stansted wọ Ìlú Ọba rí ti kọjá lẹ́bàá ìlú náà. Kàátì ló fi bẹ̀rẹ̀, bíi ti gbogbo wọn. Nígbà tó dàgbà tó, ó bọ́ sí Formula Ford, àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan tí táyà wọn wà níta gbangba, èyí tí àwọn ará Ìlú Ọba ti ń fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ láti ọdún 1967. Ẹni tó bá ń bá ọ̀nà yẹn lọ tààrà, Formula One ló ń wò lókèèrè. Sutton kò bá a lọ. Ní ọdún 2015, ó yà sí ọ̀nà tirẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ Renault Clio.

Ìdíje Clio yìí yẹ kí ènìyàn mọ̀. Ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń wà. Wọ́n ti di ẹ́ńjìnnì pa kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án, nítorí náà kò sí pé bàbá ẹnì kan lówó ju ti ẹnì kejì lọ kí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wá lágbára jù. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé, ní àsìkò yẹn, ọjọ́ kan náà, lórí pápá kan náà pẹ̀lú BTCC, ni wọ́n ń sá eré wọn. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ńlá ti wà ní pápá láti òwúrọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ọmọṣẹ́ bá ń ṣiṣẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn ọ̀gá mìíràn: wọn kò ní sọ̀rọ̀, àmọ́ wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Sutton gba ife Clio ní ọdún náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ Triple Eight fún un ní ọkọ̀ MG wà nínú BTCC. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni.

Ó yẹ kí n sọ irú ilé tó wọ̀ yẹn. Ọdún 1958 ni wọ́n dá ìdíje náà sílẹ̀, ọdún àkọ́kọ́ náà sì parí lọ́nà tí inú mi máa ń dùn láti sọ. Jack Sears àti Tommy Sopwith ní iye pọ́íǹtì kan náà. Àwọn kan dábàá pé kí wọ́n ju owó ẹyọ sókè, kí ó yan ẹni tó gbà á, àmọ́ àwọn awakọ̀ méjèèjì kọ̀. Ni wọ́n bá wá ọkọ̀ Riley méjì tó jọra, wọ́n ní kí wọ́n fi sáré ìyípo márùn-ún ní Brands Hatch, kí wọ́n wá pààrọ̀ ọkọ̀, kí wọ́n tún sá márùn-ún mìíràn. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 1.6 ni Sears fi borí. Ìwà yẹn, pé ọwọ́ awakọ̀ ni kó ṣe ìdájọ́, kì í ṣe oríire ọkọ̀, ni wọ́n ń gbìyànjú láti pa mọ́ títí dòní.

Àwọn ọkọ̀ inú rẹ̀ jọ èyí tó wà níwájú ilé àwọn ènìyàn: Ford, BMW, Toyota, Hyundai. Òde wọn ni mo ń wí o. Inú ti ṣófo, irin ìdáàbòbò ló gba ibẹ̀, ìjókòó kan ṣoṣo ló kù. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti mú ìlànà kan wọlé tó sọ ọ̀pọ̀ ohun tó wà lábẹ́ ara ọkọ̀ di ọ̀kan náà fún gbogbo ẹgbẹ́, kí owó má baà pa àwọn kékeré. Ọdún tí ìdíje bá lọ déédéé, òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n ń lò, eré mẹ́ta ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n bá parí sí nínú eré kìíní ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkejì. Fún ìkẹta, wọ́n á ṣẹ́ gègé, wọ́n á sì yí àwọn tó wà níwájú padà sẹ́yìn. Ẹni tó borí láàárọ̀ lè bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ènìyàn mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì máa wá ọ̀nà láti kọjá láàárín bọ́ńpà àti bọ́ńpà.

Kò parí síbẹ̀. Nígbà tí Sutton wọlé, ẹni tó bá ń ṣáájú ń gbé irin kún ọkọ̀. Ní ọdún 2017, ẹrù ẹni tó wà lókè tábìlì jẹ́ kílò 75. Ẹ rò ó wò: àpò ìrẹsì ńlá kan àti ààbọ̀ nínú ọkọ̀ eré-ìje, nígbà tí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn kò gbé nǹkan kan. Bíréèkì á pẹ́ kó tó mú, táyà á yára jẹ, kọ́nà á gùn sí i. Àwọn kan ń pe èyí ní ìyà fún ẹni tó mọṣẹ́. Èmi fara mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí tó ṣì ń rìn ṣánṣán, kò sí ẹni tó lè sọ pé ọkọ̀ ló gbé e débẹ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, 2016, Sutton borí eré kan ní Croft, pápá kan ní àríwá Yorkshire tó jẹ́ pápákọ̀ òfurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní òpin ọdún, ó gba ife tí wọ́n fi orúkọ Jack Sears pè, èyí tó wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Ẹgbẹ́ BMR wá gbà á fún ọdún 2017, wọ́n gbé Subaru Levorg lé e lọ́wọ́, ó sì di ẹlẹgbẹ́ Jason Plato tó ti gba ìdíje náà lẹ́ẹ̀mejì kí ọmọ náà tó wọlé.

Levorg kì í ṣe ọkọ̀ tí ojú máa ń kọ́kọ́ wò fún eré. Ọkọ̀ elẹ́rù ni, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tí wọ́n fi ń kó ọmọ àti ẹrù. Àmọ́ àwọn pístínì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sùn gbalaja dípò kí wọ́n dúró, nítorí náà ìwúwo rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nínú BTCC, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Ìyàtọ̀ ńlá nìyí sí Clio àti MG, tí táyà iwájú ń fà. Bí táyà iwájú bá ń fa ọkọ̀, táyà kan náà ló ń yí, òun ló ń gba bíréèkì tó pọ̀ jù, òun náà ló tún ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá fipá lò ó á pa á kí eré tó dé ìdajì. Bí táyà ẹ̀yìn bá ń tì í, iwájú á sinmi díẹ̀, ọkọ̀ á fò kúrò lójú ìlà ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ bí ẹsẹ̀ bá wúwo jù nígbà tí ó bá ń jáde nínú kọ́nà, ìdí ọkọ̀ á sá. Kàátì náà, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Mo gbà pé ohun tí ara Sutton ti mọ̀ láti kékeré ló jí nínú Subaru yẹn.

Ó borí eré mẹ́fà ní ọdún náà. Ẹni tó ń bá a du ife náà ni Colin Turkington, ọmọ Northern Ireland tó ń wa BMW, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni wọ́n parí rẹ̀ ní Brands Hatch. Ẹni tí kò bá mọ pápá yẹn, kí ó fojú inú wo kọ́nà kìíní, Paddock Hill. Ọwọ́ ọ̀tún ló yà sí, awakọ̀ kò sì rí ibi tí ilẹ̀ gbé wà nígbà tó ń wọ inú rẹ̀, nítorí ojú ọ̀nà ń já wálẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ìsàlẹ̀ ni ìwọ̀n ọkọ̀ á ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ojú ọ̀nà á tún gòkè lọ sí Druids. Ọkọ̀ tó lé ní ogún ló ń já wọ ibẹ̀ pọ̀, ilẹ̀kùn ń kan ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún 23 ló jáde níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbégbá-orókè. Láti ọdún 1966 tí John Fitzpatrick ti gbà á, ọmọdé tó tó bẹ́ẹ̀ kò gbà á mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ojú ọjọ́ yí padà. Turkington gba ife ọdún 2018, ó tún gba ti 2019. Subaru kò ṣe dáadáa mọ́. Ní ọdún 2019, orúkọ Sutton kò sí láàárín àwọn tó ń du ife rárá. Ọdún méjì yẹn ni mo máa ń rò jù nínú ìtàn rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń sọnù sí. Ẹni tó gba ife lọ́mọ ọdún 23, tí kò rí ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu ayé á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé oríire lásán ni.

Ní ọdún 2020, ó lọ wa Infiniti Q50 fún ẹgbẹ́ Laser Tools Racing. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ náà kò sí lẹ́yìn wọn. Ẹgbẹ́ aládàáni ni. Àrùn kòrónà ti gé ọdún náà kúrú. Oṣù kẹjọ ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, eré 27 ni wọ́n sá dípò 30, àga àwọn òǹwòran sì ṣófo. Sutton gba ife náà. Ní ọdún 2021, ó tún gbà á pẹ̀lú ọkọ̀ kan náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá dúró síbẹ̀, kí wọ́n máa jẹun lórí ohun tí wọ́n mọ̀. Ní ọdún 2022, ó fi ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń tì sílẹ̀, ó lọ sí Ford Focus, tí táyà iwájú ń fà. Ọdún náà gan-an ni wọ́n yọ irin tí ẹni tó ń ṣáájú ń gbé kúrò, wọ́n sì fi iná mànàmáná rọ́pò rẹ̀: ẹni tó wà lẹ́yìn ní ìrànlọ́wọ́ tó lè tó ìṣẹ́jú-àáyá 15 nínú ìyípo kan, ẹni tó wà níwájú ò rí ju díẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tuntun, òfin tuntun. Kò gbà á ní ọdún yẹn. Tom Ingram ló gbà á pẹ̀lú Hyundai. Ní ọdún 2023 ni Sutton wá fi Ford yẹn borí eré méjìlá nínú ọgbọ̀n, tó sì gba ife ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ọkọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti fi gba ife, méjì tí ẹ̀yìn ń tì, ọ̀kan tí iwájú ń fà. Lójú tèmi, èyí tóbi ju iye ife náà fúnra rẹ̀ lọ. Télọ̀ tó lè rán agbádá tó sì lè rán kóòtù, tí ọ̀kankan ò fì, kì í pọ̀ nígboro.

Ingram tí mo dárúkọ yẹn náà yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀nà tirẹ̀ gùn ju ti Sutton lọ. Ọdún 1993 ni wọ́n bí i. Láti kàátì, ó bọ́ sí Ginetta Junior, ìdíje tí ọmọ ọdún 14 sí 17 ń sá pẹ̀lú ọkọ̀ tó ní òrùlé, kí wọ́n tó tó ẹni tí ìjọba lè fún ní ìwé ìwakọ̀. Ó gba ife yẹn ní ọdún 2010. Ó wọ BTCC ní ọdún 2014 pẹ̀lú Toyota Avensis ẹgbẹ́ kékeré kan. Ọdún mẹ́jọ ló fi sìn kó tó dé òkè, ó sì tún gba ife kejì ní ọdún 2025. Jake Hill tó gba ti ọdún 2024 ti ń sá eré níbẹ̀ láti ọdún 2013. Inú Ginetta Junior kan náà ni Lando Norris wà ní ọdún 2014 kó tó yà sí ọ̀nà Formula One, tó sì di agbégbá-orókè àgbáyé ní ọdún 2025. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà, ẹnu ọ̀nà méjì. N kò rí ìdí tí a ó fi máa pe ọ̀kan ní àṣeyọrí, ká máa pe èkejì ní àṣetì.

Ẹnì kan tún wà tí n kò lè fò dá: Nicolas Hamilton, àbúrò Lewis. Wọ́n bí i pẹ̀lú àìsàn ọpọlọ tó ń di ẹsẹ̀ lọ́wọ́, àga oníkẹ̀kẹ́ ló sì ń lò nígbà kan ní kékeré. Kò lè gba ọ̀nà kàátì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà. Orí kọ̀ǹpútà ló ti kọ́ eré-ìje, nínú yàrá, títí ó fi gba ibẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ gidi, ìyẹn Renault Clio, ní ọdún 2011. Ní ọdún 2015, ó di aláàbọ̀ ara àkọ́kọ́ tó sá eré nínú BTCC, nínú ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe kí ara rẹ̀ lè lò ó. Kò gba ife. Síbẹ̀, mo bẹ gbogbo òbí tí ọmọ rẹ̀ ní irú ìpèníjà bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní Ìlú Ọba, tí pápá wọ̀nyí kò jìnnà sí ilé wọn: ẹ sọ ìtàn Nicolas fún ọmọ náà. Ẹ mú un lọ sí pápá pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró lẹ́bàá Paddock Hill, kí wọ́n sì wo ibi tí ojú ọ̀nà ti ń já wálẹ̀.

Sutton ṣì ń sá eré. Ife mẹ́rin rẹ̀ fi í sí ìdọ́gba pẹ̀lú Andy Rouse, tó gba tirẹ̀ láàárín 1975 àti 1985, àti pẹ̀lú Turkington, tí wọ́n jọ du ti 2017. Láti ọdún 1958 títí dé òpin ọdún 2025, kò sí ẹni tó tíì gba márùn-ún.